Ẹ̀ka Mẹ́ta, Script Kan

Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ app tí àwọn alájọ fi ń ṣírò owó oníbàárà wọn. Ẹ̀ka mẹ́ta ni kóòdù wa ní nínú Git: dev la ti ń kọ ọ́, staging la ti ń dán an wò, main sì ni àwọn èèyàn ń lò. Kóòdù gbọ́dọ̀ gba staging kó tó dé main. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ la sì fi ń ṣe é.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, iná ti lọ, bátìrì laptop ti fẹ́ kú, ọ̀kan nínú wa bá sáré ti iṣẹ́ láti dev sí main tààrà. Iṣẹ́ tí a ò tíì parí sì wà lórí dev. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìyá elépo kan wo fóònù rẹ̀, òdo ló rí. Owó rẹ̀ ò sọnù o, nọ́ńbà tó hàn ló ṣì. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìkíni wa ò dán mọ́rán. "Ìwọ lo ṣe é." "Ta ló bá mi dá sí i?"

Ìgbà tó yá, a jókòó kọ script. Kò pé ọgbọ̀n ìlà. Set -e ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: bí nǹkan kan bá kùnà, dúró síbẹ̀. Yóò fa kóòdù tuntun wá, yóò ṣe gbogbo ìdánwò, lẹ́yìn náà ni git merge --ff-only, àṣẹ tó máa kọ̀ jálẹ̀ bí main bá ní iṣẹ́ tí staging ò ní. A ti main pa, a fún script nìkan ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Kíkọ ọ́ ò le. Ohun tó le ni ìbéèrè tí script ń bi wá: ìdánwò wo ló pọn dandan? Ta ló máa sọ pé ó yá? A wá rí i pé "gbogbo wa la mọ̀" yẹn, kálukú ló ní tiẹ̀ lọ́kàn.

A fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún èèyàn: "Ṣé ẹ ti fojú ara yín wò ó lórí staging?" Script lè béèrè, kò lè bá wa wò ó.

Git dá kóòdù padà sí ti àná kíákíá. Ìyá elépo ṣì ń pè wá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ bá mi ka owó mi sétí." A máa ń kà á fún wọn.