Ayọ̀ Tí Kò Ní Akéde

Bí ẹ bá bi ará Amẹ́ríkà léèrè ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù tó jìyà jù kó tó gba ife, Boston Red Sox ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, tàbí Chicago Cubs. Ọdún 86 ni Boston fi wá ife tì kí wọ́n tó rí i gbà ní 2004. Wọ́n ní èpè ló mú wọn, torí pé wọ́n ta Babe Ruth. Ti Cubs gba ọdún 108, títí di 2016. Wọ́n ní ewúrẹ́ kan tí wọn kò jẹ́ kó wòran ní pápá ìṣeré ló fà á. Láàárín àwọn méjèèjì, ní Oṣù Kẹwàá ọdún 2005, Chicago White Sox gba ife tí wọn kò fojú kàn mọ́ láti 1917. Ọdún 88 gbáko, tó fi ọdún méjì ju ti Boston lọ. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ń ka àwọn tó jìyà tó sì borí, a kì í gbọ́ orúkọ wọn.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, torí apá Gúúsù Chicago ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà sì ni White Sox fi ṣe ilé, ní òpópónà 35th. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni mo bá láyé n'Íbàdàn. Shooting Stars ni gbogbo ilé wa ń tẹ̀lé. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, lójú mi, bésíbọ́ọ̀lù kò ju kí àwọn géńdé dúró sójú kan kí wọ́n máa tutọ́ sílẹ̀. Bàbá aláwọ̀ dúdú kan tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà ló là mí lójú. Orí rédíò ló ti ń gbọ́ eré, lórí àga níwájú ilé rẹ̀. Bó bá sì mú mi dání lọ sí pápá, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Má wo bọ́ọ̀lù. Ẹsẹ̀ ẹni tó fẹ́ jù ú ni kí o máa wò."

Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹnì kejì á fi igi gbá a. Bí onígi bá gbá a síbi tí ọwọ́ kò tó, á sáré. Bó bá la bèèsì mẹ́ta kọjá tó padà dé ibi tó ti gbéra, ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ayò kan. Bí wọ́n bá ti mú ẹni mẹ́ta balẹ̀, ó di ti ẹgbẹ́ kejì. Ìpín mẹ́sàn-án ni wọ́n ń gbá, kò sì sí aago níbẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nínú eré náà nìyẹn. Nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ẹni tó ń borí lè ṣubú lulẹ̀ kó di orókún mú títí rẹfirí yóò fi fọn fèrè. Níbí, àfi kéèyàn mú ẹni mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n balẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó kẹ́yìn sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Nínú eré 162 ọdún 2005, White Sox borí nínú 99. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, kò sẹ́ni tó ṣíwájú wọn ní ìsọ̀rí tiwọn. Nígbà tí Oṣù Kẹjọ bẹ̀rẹ̀, eré 15 ni wọ́n fi wà níwájú. Nígbà tí Oṣù Kẹsàn-án ń lọ sópin, ẹgbẹ́ Cleveland ti lé wọn débi pé eré kan àbọ̀ péré ló kù láàárín wọn. Adúgbò wa pa lọ́lọ́. Bàbá òdìkejì ọ̀nà pa rédíò, ó ní òun ti mọ bí yóò ṣe parí. Ẹni tí bàbá rẹ̀ retí títí tó fi kú, tí òun náà wá ń retí, kì í tètè gba ohun rere gbọ́. Àmọ́ wọn kò já. Ní Detroit ni wọ́n ti rí i dájú pé àwọn ló ni ipò kìíní, wọ́n sì lọ lu Cleveland nínú eré mẹ́ta tó kẹ́yìn, ní ìlú Cleveland gan-an.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹgbẹ́ tí wọ́n jẹ́, kó wo ìpín kẹfà nínú eré kẹta tí wọ́n bá Boston gbá ní Fenway Park, ọjọ́ 7 Oṣù Kẹwàá. White Sox ti na Boston lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan ló kù kí wọ́n lé wọn lọ sílé. Ayò wà ní 4 sí 3. Boston ní ènìyàn lórí bèèsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì sẹ́ni tó tíì balẹ̀. Kóòṣì Ozzie Guillén wá pe Orlando Hernández, ará Kúbà tí wọ́n ń pè ní El Duque. Àgbàlagbà ni, táwọn ènìyàn ń jiyàn lórí ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ eré. Ní 1997, ọkọ̀ ojú omi ló wọ̀ sá kúrò ní Kúbà. Bó bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, á gbé orókún òsì sókè títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, ojú rẹ̀ á sì fara pa mọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Varitek ti Boston gbá tirẹ̀ sókè lásán, wọ́n hán an. Graffanino kò fẹ́ gbà: ó gbá ọ̀kan sí ìta, ó tún gbá òmíràn sí ìta, El Duque kò yé jù ú sí i, títí òun náà fi gbá a sókè tí wọ́n sì hán an. Ó wá ku Johnny Damon. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn wálẹ̀ wọ ìsàlẹ̀ orókún rẹ̀; Damon na igi, ó fẹ́ fà á padà, ọwọ́ rẹ̀ ti lọ jù. Àwọn mẹ́ta tó wà lórí bèèsì padà lọ mú ìbọ̀wọ́ wọn. Ní Boston, ọ̀rọ̀ parí láti ìgbà náà.

Lẹ́yìn wọn, ó kan ẹgbẹ́ Angels. Wọ́n na White Sox nínú eré àkọ́kọ́. Láti orí ìkejì, Mark Buehrle, Jon Garland, Freddy García àti José Contreras tò tẹ̀ léra, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ eré tirẹ̀, ó sì ju bọ́ọ̀lù dé òpin láìsí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti 1956 ni irú rẹ̀ kò ti ṣẹlẹ̀ mọ́. Ará Kúbà ni Contreras náà. Ní 2002 ló sá, ó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ nílé, ó sì di 2004 kó tó tún fojú kàn wọ́n. Mi ò ní sọ pé oríire kò sí níbẹ̀. Nínú eré kejì, A.J. Pierzynski ti White Sox fi igi gé afẹ́fẹ́, gbogbo ènìyàn gbà pé ìpín ti parí, àwọn Angels ti ń rìn jáde. Pierzynski ní bọ́ọ̀lù kan ilẹ̀ kí wọ́n tó hán an, ó ki eré mọ́lẹ̀ lọ sí bèèsì kìíní. Rẹfirí gbà fún un, Joe Crede sì gbá èyí tó mú wọn borí. Dòní ni wọ́n ń jiyàn rẹ̀. Nígbà tí mo bi bàbá léèrè, ó ní, "Ọdún 88 ni rẹfirí fi jẹ wá ní gbèsè."

Eré mẹ́rin péré ni wọ́n fi parí World Series, ìyẹn ìdíje àṣekágbá, pẹ̀lú Houston Astros. Ẹni tó bá gbọ́ 4 sí 0 yóò rò pé ó rọrùn. Kò rọrùn rárá: bí a bá ro gbogbo ayò pọ̀, mẹ́fà péré ni White Sox fi jù wọ́n lọ. Scott Podsednik, tí kò gbá bọ́ọ̀lù kọjá ògiri lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú eré 162 yẹn, ló gbá èyí tó parí eré kejì kọjá ògiri. Eré kẹta dé ìpín kẹrìnlá, ó sì ju wákàtí márùn-ún lọ. Ẹ̀kẹrin, ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹwàá, jẹ́ 1 sí 0. Nígbà tó ku ẹni méjì, Juan Uribe bẹ́ sáàárín àwọn òǹwòran láti hán bọ́ọ̀lù kan. Èyí tó tẹ̀ lé e fò kọjá lórí ajubọ́ọ̀lù Bobby Jenks. Uribe sáré pàdé rẹ̀, ó gbé e, ó sọ ọ́ sí Paul Konerko, bọ́ọ̀lù náà sì fi díẹ̀ ṣíwájú ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré bọ̀.

Guillén, ọmọ Venezuela, ni kóòṣì àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Látìn Amẹ́ríkà tó gba World Series. Kò fi pa mọ́ pé òun ń ṣe Santería, ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé dé Kúbà. Àwọn ọmọ ilé wa kan ní Chicago gbọ́ ọ, wọ́n ní ṣé mo rí i, Ṣàngó ló gba ife. Mo rẹ́rìn-ín, inú mi sì dùn, àmọ́ èmi rí orókún El Duque àti apá Uribe.

Kí ló dé tí ayé kò ròyìn wọn? Ọ̀kan ni pé wọ́n yára jù: eré 12 ni wọ́n gbá lẹ́yìn 162 yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì fìdí rẹmi. World Series náà parí kí ayé tó jókòó. Iye àwọn tó wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n kéré ju ti gbogbo èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìkejì ni pé, lọ́dún náà, ilé iṣẹ́ Tribune ló ni Cubs, òun náà ló ni ìwé ìròyìn Chicago Tribune àti tẹlifíṣọ̀n WGN. Ẹni tó ni agogo ní ń lù ú. Ìkẹta ló dùn mí jù. Èpè Boston àti ewúrẹ́ Cubs ṣeé fi ṣàwàdà. Ohun tó bo White Sox mọ́lẹ̀ jẹ́ òótọ́: wọ́n fẹ̀sùn kan mẹ́jọ nínú wọn pé, ní 1919, wọ́n gba owó lọ́wọ́ àwọn onítẹ́tẹ́ kí wọ́n lè jẹ́ kí ẹgbẹ́ Cincinnati borí wọn nínú World Series. Ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀ ní 1921, àmọ́ wọ́n lé wọn kúrò nínú eré fún gbogbo ọjọ́ ayé wọn. Ìdílé tó bá ní irú ìtìjú yẹn kì í fi ìyà rẹ̀ kọrin. Wọ́n fi ọdún 88 panu mọ́. Nígbà tí ayọ̀ dé, ẹnu ti mọ́ra.

Ní 2025, nígbà tí wọ́n fi Robert Prevost, ọmọ agbègbè Chicago, joyè Póòpù Leo Kẹrìnlá, wọ́n rí i nínú fídíò àtijọ́ kan: òun nìyẹn láàárín èrò ní eré àkọ́kọ́ World Series 2005, ó wọ aṣọ White Sox. Ayé wá ń wo eré náà. Ó gba kí òǹwòran kan di Póòpù.

Bàbá òdìkejì ọ̀nà kò rí nǹkan tó burú níbẹ̀. Ó ní, "Àwa tó yẹ kó mọ̀, a mọ̀." Mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àwọn tó mọ̀ ń dàgbà, àwọn mìíràn ti lọ. Jenks náà kú ní Oṣù Keje ọdún 2025. Ọmọ tí wọ́n bí lóṣù ayọ̀ yẹn ti ń lọ sí yunifásítì, White Sox tó sì mọ̀ ni ti 2024, tó fìdí rẹmi nígbà 121, tí ẹgbẹ́ kankan kò pàdánù eré tó bẹ́ẹ̀ láti 1900. Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ta ni yóò pa àrọ́bá náà fún un, bí àwa tó wà níbẹ̀ bá ń sọ pé a ti mọ̀? Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì mí, kódà fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bèèsì yàtọ̀ sí igi.