Ọdún Kẹfà Nínú Kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Àwa ni ẹgbẹ́ tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 kọ́kọ́ gbé dé òpin ilé ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà. Ọdún 1982 ni a wọlé. Nígbà tí ọdún 1987 fi máa parí, a ti wọ kíláàsì àṣekágbá, ìdánwò tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe rí sì ń dúró dè wá ní ọdún 1988. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ṣe ìdánwò ti àtijọ́ ní ìbéèrè ọdún pípẹ́ tí wọ́n fi múra sílẹ̀. Àwa kò rí ipasẹ̀ ẹni tí a ó tọ̀. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo yàn, Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń já mi láyà jù.

Kì í ṣe pé n kò gbọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ yòókù dà bí iyàrá inú ilé, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin bíi tèmi, títí kan ẹni tó fẹ́ lọ kọ́ Yorùbá gan-an, kírẹ́díìtì Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ yunifásítì yóò kọ́kọ́ bi í. Bàbá mi jẹ́ àgbẹ̀ olókòó. Owó kòkó sàn díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba fagi lé àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ra irè oko ní ọdún 1986, òun ni wọ́n sì fi san owó ìdánwò mi. “Ọmọ mi,” ni wọ́n wí, “n kò mọ ohun tí ọjà máa sọ ní ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni agbára mi mọ.”

Apá tí a fi ẹnu pè ni mo bẹ̀rù jù. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láti kékeré, etí rẹ̀ kò di. Ṣùgbọ́n òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn ni etí náà ń ṣọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń tẹ apá kan ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀: fún àwọn ọ̀rọ̀ kan, bí a bá tẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ ni, bí a bá tẹ ìparí rẹ̀, ó di ọ̀rọ̀-ìṣe. Lójú tèmi, ó yẹ kí olùkọ́ fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yorùbá. Wọ́n ní kí a há a sórí.

Ìrètí mi wà nínú lítíréṣọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, a dé ibi tí Antony ti ń bá àwọn ará Róòmù sọ̀rọ̀ lórí òkú Julius Caesar. Ó ń yin Brutus ní ẹni iyì, ó tún ń yìn ín, títí ìyìn náà fi kan. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń wá ìtumọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Ní tèmi, ìyá bàbá mi ni mo ń gbọ́. Nígbà kan tí ìbátan wa kan dá ta ilẹ̀ ẹbí, tí àwọn ọkùnrin ń pariwo lé e lórí, ohun tí ìyá àgbà wí kò ju pé, “Ẹ fi í sílẹ̀, ọmọlúàbí ni.” Nígbà tí wọ́n wí i lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà mú fìlà rẹ̀, ó sì jáde. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé Julius Nyerere ti túmọ̀ eré yìí sí èdè Swahili láti ọdún 1963. Kò yà mí lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí kí ó lè wí i lédè ẹni tí yóò fún un ní máàkì. Olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ lórí ọ̀rọ̀ Antony náà, kí ó jẹ́ 450 ọ̀rọ̀, iye tí WAEC máa ń bèèrè. Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ ní Yorùbá lálẹ́ ọjọ́ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà. Gbogbo rẹ̀ yí, àfi ‘ọmọlúàbí’. Mo dán ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta wò, mo pa wọ́n rẹ́. Nígbà tí epo àtùpà ń tán lọ, mo kọ ọ́ bó ṣe wà sí àárín Gẹ̀ẹ́sì mi, mo fa ìlà sí i nídìí, mo sì fi ìwé náà lé olórí kíláàsì lọ́wọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.