Bàtà gogoro kọ́ ni wọ́n ń wọ̀ lọ sí Pelourinho o!

Ọmọ Yorùbá tó bá dé ìlú Salvador, ní Bahia, lórílẹ̀-èdè Brazil, níbi tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ ọmọ Oòduà lẹ́rú lọ, tí kò dé Pelourinho, kò tíì rí nǹkan kan. Orí òkè ni àdúgbò àtijọ́ yìí wà. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ojú títì ibẹ̀, ó rí gbágungbàgun, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ibẹ̀ ni bàtà ti ń dójú ti ológe. Àǹtí tó wọ bàtà gogoro, àárín òkúta ni gìgísẹ̀ bàtà á há sí. Bọ̀dá tó ra bàtà tuntun nígbà tó ku ọ̀la kó wọ bàálù, kó tó dọ̀sán, ẹsẹ̀ ti lé ròrò! Kánfáàsì tó nípọn nísàlẹ̀, tí kì í yọ̀, tó fàyè gba ọmọ ìka ẹsẹ̀, ló dáa. Ìrọ̀lẹ́ ni kéèyàn lọ rà á, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ bí ilẹ̀ bá ń ṣú. Kó sì máa fi rìn lọ sọ́jà fún bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ìrìn-àjò tó yá.

Ọ̀rọ̀ bàtà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níbẹ̀ o. Òpó tí wọ́n ń so ẹrú mọ́ nà lẹ́gba ni Pelourinho túmọ̀ sí. Kó tó di pé oko ẹrú dópin ní Brazil lọ́dún 1888, ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi ń mọ ẹrú. Ẹni tó bá gbòmìnira ló ń wọ bàtà. Ká wá rin ọ̀nà jíjìn débẹ̀ tán, kó jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì la jókòó sí, tá a ń fomi gbígbóná jó ẹsẹ̀, àbámọ̀ gbáà ni!