Tick-tock àti Agogo

Kò sí ọ̀dọ́ kan tó ní fóònù lọ́wọ́ ní Odòmẹ́ta tí kò mọ TikTok, tí iléeṣẹ́ ByteDance gbé jáde fún àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lẹ́yìn Ṣáínà ní 2017. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ náà fara jọ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó ní fóònù. “Tick-tock” ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ nínú aago ara ògiri. Àwọn Faransé gbọ́ “tic-tac”.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sórí ìró aago. Ó di ọ̀nà láti sọ pé àkókò ń lọ, ó sì tún di ìkánjú: ẹni tó bá ń fà sẹ́yìn, wọn a ní “tick-tock!” Àwọn ọmọ wa tó kàwé ní Nàìjíríà mú un bọ̀ wálé. Láàárín ẹgbẹ́, ẹ̀fẹ̀ ni. Bí a bá sọ ọ́ sí àgbà, ó di àrífín, nítorí ó fi hàn pé a ti ń ka ìṣẹ́jú mọ́ ọn lára. Ẹni tí a tọ́ dáadáa yóò ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ilẹ̀ ń ṣú lọ.” Ilẹ̀ ni ó dá lẹ́bi, kì í ṣe bàbá.

Síbẹ̀, àwa náà fi ìró dárúkọ àkókò. Agogo ni irin tí akéde ń lù kí ó tó jẹ́ iṣẹ́ ọba. Orúkọ rẹ̀ sì jọ ohùn rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ tó ń ka wákàtí dé, agogo náà ni a pè é, lẹ́yìn náà a gé e kúrú sí aago. Tick-tock ń ka àkókò tó ń ṣòfò. Agogo ń pe ènìyàn jọ.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà. Fáwẹ́lì ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ya ìlù kìíní sọ́tọ̀ kúrò lára ìkejì. Àwa a máa fi ohùn ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: ohun róbótó kéré, ohun ròbòtò tóbi, lẹ́tà kan náà sì ni. Ẹni tó bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i ti pa ìtumọ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má ṣe ka irú ọ̀rọ̀ báyìí sí eré ọmọdé. Ẹ gbọ́ wọn lẹ́nu àwọn ìyá wa lọ́jà àti lóko, kí ẹ sì kọ wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn.