Ìpín Màmá Mi Nínú Báńkì Ìlú

Bí ẹ bá fẹ́ dá ilé tó ti ṣe báńkì rí mọ̀ ní ìlú kékeré, ẹ má wo iwájú rẹ̀, nítorí ọ̀dà tuntun máa ń tanni jẹ. Ẹ wọ inú lọ. Ẹ ó rí yàrá kan tí kò ní fèrèsé, tí ògiri rẹ̀ nípọn ju ti àwọn yòókù lọ. Ibẹ̀ ni owó máa ń sùn.

Gánmọ ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n ìlú màmá mi, tó wà níwájú díẹ̀ sí i ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní irú ilé bẹ́ẹ̀ kan.

Báńkì pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti 1892 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ti ṣí ní Èkó, àmọ́ ibi tí ẹrù òkèèrè ń gbà ni àwọn òyìnbó tó ni báńkì ń tẹ̀lé. Ojú irin gba Ọ̀ffà kọjá, kò yà sí Ọ̀mù-Àrán. Àjọ àti èésú ni àwa ń dá. Ìgbà tó di 1977 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pàṣẹ fún àwọn báńkì ńlá pé kí wọ́n ṣí ẹ̀ka 200 sí ìgbèríko. Wọ́n ṣí púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dùn àwọn àgbẹ̀ ni pé báńkì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn, ará ìlú ńlá ló sì ń yá a.

Ní 1990 ni kọmúnítì báńkì wá bẹ̀rẹ̀, báńkì tí àwọn ará ìlú fúnra wọn lè ní ìpín nínú rẹ̀. Màmá mi, tí wọ́n ń ta èlùbọ́, ra ìpín. Bí a bá ń kọjá níwájú ilé náà, wọ́n á ní, “Ilé wa nìyẹn.” N kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe báńkì ńlá kankan bẹ́ẹ̀.

Ní 2005, àṣẹ tuntun jáde: kí báńkì bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ogún mílíọ̀nù náírà títí ìparí 2007, kó sì di báńkì alábọ́dé, tí a ń pè ní máíkírófáínáǹsì. Èmi kò bá òfin náà jà. Báńkì tí kò lówó lẹ́yìn lè kó owó olówó wọgbó. Ṣùgbọ́n tiwa kò rí iye náà kó jọ. Ilẹ̀kùn tì. Kò sẹ́ni tó pe àwọn onípìn-ín sí ìpàdé.

Sìmẹ́ńtì ló kún yàrá tí kò ní fèrèsé náà báyìí. Nígbà tí màmá mi fẹ́ tún ilé ìdáná wọn ṣe, ibẹ̀ ni wọ́n ti ra àpò mẹ́ta. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin tó ń tà á bá àwọn dín in, nítorí pé onílé ni àwọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì dín in díẹ̀, láìmọ ohun tí wọ́n ń wí.

Lábẹ́ agbòòrùn oní-POS ni wọ́n ti ń gba owó tí a bá fi ránṣẹ́ báyìí, wọ́n sì ń san owó iṣẹ́ lé e. Ìwé ìpín wọn ṣì wà nísàlẹ̀ àpótí, láàárín aṣọ òkè méjì. Lọ́dún Àjíǹde tó kọjá, wọ́n ní kí n bá àwọn rọ́bà bò ó, kí eku má baà jẹ ẹ́.