Wọ́n Pààrọ̀ Ìbàdí Fún Màmá, Màmá Tún Padà Sórí Yìnyín: Ohun Tí Mo Rí Ní Manchester

Bí ẹ bá dárúkọ Manchester fún ará Ìbàdàn tàbí ará Abẹ́òkúta, nǹkan méjì ló máa kọ́kọ́ wá sí i lẹ́nu: bọ́ọ̀lù àti aṣọ. Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo United àti City, àwọn ìyá wa àgbà sì rántí àǹkárá tí wọ́n ń tẹ̀ ní Hyde, ìlú kékeré kan tó fara ti Manchester, kó tó di pé iṣẹ́ náà kó lọ sí Gánà. Èmi ò bá ti bọ́ọ̀lù lọ, n ò sì ra aṣọ bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìbàdí ni mo bá lọ.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé lẹ́tà wa mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹnì kan á kọ̀wé pé bàbá òun kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Ẹlòmíì á ní ìyá òun ń tiro, dókítà ní kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí, àwọn ẹbí ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí nílé àwọn. Ìbéèrè kan náà ló sì máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀: bí wọ́n bá ti gé egungun èèyàn tí wọ́n fi irin dípò, ṣé onítọ̀hún tún lè ṣe bí èèyàn mọ́, àbí jíjókòó sójú kan ló kù? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni mo wá lọ sí ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ yìí ti fìdí múlẹ̀ láyé.

ILÉ TÍ YÌNYÍN KÌ Í YỌ́

Ní Trafford, lẹ́bàá ọjà ìgbàlódé ńlá kan, ilé gàgàrà kan wà tí wọ́n ń pè ní Chill Factore. Ọdún 2007 ni wọ́n ṣí i. Bí ẹ bá wò ó lókèèrè, ẹ ó rò pé ilé ìkẹ́rùsí lásán ni, àfi pé apá kan rẹ̀ ga fíofío ju apá kejì lọ, bí ìgbà téèyàn gbé pákó ti ara ògiri. Òkè ni wọ́n kọ́ sínú rẹ̀. Gígùn òkè náà tó 180 mítà, yìnyín gidi ló sì bò ó láti orí dé ìsàlẹ̀, ìgbà òtútù o, ìgbà ooru o. Ẹ̀rọ ló ń ṣe yìnyín náà, ẹ̀rọ ló sì ń mú inú ilé tutù bí fírísà àwọn ẹlẹ́ja. Kí n tó débẹ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún, etí mi ti kú, imú mi ti ń ṣàn.

Eré tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ni síkì. Ẹni tó fẹ́ ṣe é á wọ bàtà líle kan tó ga dé agbedeméjì ojúgun, á wá so pákó méjì tó gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́, mọ́ abẹ́ bàtà náà. Ọ̀pá kọ̀ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún àti òsì, akoto wà lórí. Ẹ̀rọ á fà á gòkè, òun náà á wá máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, fììì! Àwọn ọmọdé ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹyẹ àwòdì tó fẹ́ gbé òròmọdìẹ. Orúnkún wọn ni mo kọ́kọ́ ń wò, àmọ́ nígbà tí mo wò ó dáadáa, mo rí i pé ìbàdí ló ń ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọ̀hún. Bí wọ́n bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, itan á yí nínú oríkèé ìbàdí, gbogbo ìwọ̀n ara á sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan. Tí wọ́n bá fẹ́ dúró, ìbàdí náà ni.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé màmá kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún 63. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, n ò sì ní í dá a. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ ló kọ́kọ́ mú wọn lọ sórí òkè oníyìnyín nígbà tí wọ́n ṣì wà ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Ọdọọdún ni wọ́n ń lọ, títí ìbàdí òsì fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọmọ mi, mo kọ́kọ́ pè é ní làkúrègbé lásán," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí fún mi. "Á mú mi ní abẹ́ ikùn níbi tí itan ti pàdé ara, á sọ̀ kalẹ̀ dé orúnkún. Nígbà tó yá, n ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ mọ́. Oorun òru, n ò rí sùn."

Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun náà, kèrékèré tó wà láàárín oríkèé ti jẹ tán. Egungun ló ń lọ egungun. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tí mo bá wọn pàdé jẹ́ oṣù kẹsàn-án lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ọjọ́ náà gan-an sì ni wọ́n máa tún kọ́kọ́ fẹsẹ̀ kan yìnyín.

Ọmọbìnrin wọn tẹ̀ lé wọn wá, ó káwọ́ lérí, ojú rẹ̀ le koko. "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n tún padà la ibẹ̀ ni? Ẹ ti lè rìn, ẹ ti lè sùn, kí lẹ tún ń wá?"

Màmá ò bínú. Wọ́n ní, "Ìrora ni mo ní kí wọ́n bá mi yọ, n ò ní kí wọ́n bá mi yọ ìgbádùn."

Èmi ò lè sọ pé ọmọ náà ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Bí èèyàn tó ní ìbàdí àtọwọ́dá bá ṣubú lulẹ̀ gbì, oríkèé náà lè yẹ̀, tàbí kí egungun itan ṣẹ́ yíká irin tó wà nínú rẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ sì le ju iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí ọmọ ń bẹ̀rù nìyẹn. Àmọ́ ìyá náà ò kàn dìde lọ́jọ́ kan wá síbẹ̀. Dókítà wọn ti bi wọ́n léèrè bóyá wọ́n mọ síkì dáadáa tẹ́lẹ̀, nítorí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n nìkan ni ọ̀pọ̀ dókítà máa ń gbà láyè láti padà sí i. Ẹni tí kò ṣe é rí, wọn á ní kó má ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wà lórí ibi tó tẹ́jú, kí wọ́n má fò, kí wọ́n má sì lọ nígbà tí èrò pọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ oṣù gun kẹ̀kẹ́ àfẹsẹ̀wà tó dúró sójú kan, wọ́n ti lúwẹ̀ẹ́, wọ́n ti fi eré ìmárale mú iṣan ìdí àti itan le.

Wọn ò dé ṣóńṣó òkè yẹn rárá. Ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n lọ, olùkọ́ kan tẹ̀ lé wọn. Ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n yọ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́, wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì, wọ́n dúró. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó yá díẹ̀ sí i. Mo rò pé wọ́n á tún gòkè, ni wọ́n bá jókòó, wọ́n ń tú bàtà. Wọ́n ní, "Itan mi ti ń gbọ̀n. Ìgbà tó bá ti rẹni lèèyàn máa ń ṣubú." Ọmọ wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá wọn fa bàtà kejì yọ, kò sọ nǹkan kan.

ILÉ ÌWÒSÀN INÚ OKO

Ní ọjọ́ kejì mo wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Southport. Ó kọjá Wigan, mo sì sọ̀ ní Appley Bridge. Abúlé jẹ́jẹ́ ni, odò àgbẹ́ tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà kọjá láàárín rẹ̀, pápá àgùntàn yí i ká. Ilé ìwòsàn Wrightington wà lókè abúlé náà. Ọdún 1933 ni wọ́n ṣí i fún àwọn tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń bá jà. Nígbà tí oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ dé, bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣófo. Ibẹ̀ ni dókítà kan wá jókòó sí, John Charnley, tí wọ́n bí ní Bury, ní Lancashire kan náà, ní ọdún 1911.

Ẹ gbọ́ ìtàn ọkùnrin yìí. Ó fi irin ṣe orí egungun itan, ó fi ike ṣe ihò tí orí náà á máa yí nínú rẹ̀, ó wá fi sìmẹ́ǹtì bí irú èyí tí àwọn dókítà eyín ń lò lẹ̀ wọ́n mọ́ egungun. Ike tó kọ́kọ́ lò ni Teflon, èyí tí wọ́n fi ń kun inú páànù kí oúnjẹ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Àwọn tí ń wọ́ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, inú gbogbo ayé dùn. Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀! Láàárín ọdún mélòó kan, ike náà jẹ, èérún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹran ara jẹ́, ìrora padà. Bí 300 oríkèé ló ti ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tún àwọn èèyàn náà là, tó ń yọ ohun tó fi síbẹ̀ kúrò. Ó tiẹ̀ ki èérún ike sínú itan ara rẹ̀ kó lè mọ ohun tó ń ṣe fún ẹran ara.

Ní ọdún 1962, ọlọ́jà kan gbé irú ike mìíràn wá, èyí tí wọ́n fi ń ṣe kẹ̀kẹ́ eléyín nínú ẹ̀rọ ìhunṣọ ní àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire. Charnley fi èékánná tẹ̀ ẹ́, ó ní kò wúlò. Ṣùgbọ́n Harry Craven, oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń bá a ṣe ẹ̀rọ, kò sọ ọ́ nù. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ rìnrìn àjò, ó gbé e sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán ike wò, ó jẹ́ kó máa lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ọ̀gá dé, ike náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ara èèyàn. Títí di òní, irú ike yẹn, tí wọ́n ti tún ṣe dára sí i, ṣì wà nínú ìbàdí ọ̀pọ̀ èèyàn káàkiri ayé. Wọ́n fi Charnley jẹ oyè Sir ní 1977, ó kú ní 1982.

Àwọn ilé iṣẹ́ Lancashire yìí kan náà ló hun aṣọ tí àwọn ìyá ìyá wa rà lọ́jà Dùgbẹ̀ àti Balógun. Ìgbà tí mo dúró lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn náà ni mo tó mọ̀ pé ohun tí ń yí nínú ẹ̀rọ aṣọ wọn ló wá ń yí nínú ìbàdí àwọn èèyàn lónìí.

ÀWỌN ELÉRÉ ÌDÁRAYÁ ŃKỌ́?

Lóde òní, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi ọ̀pá ìtilẹ̀ rìn ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an tàbí ọjọ́ kejì rẹ̀. Ó máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n tó wa mọ́tò. Rírìn, ìwẹ̀ lílúwẹ̀ẹ́ àti gígun kẹ̀kẹ́ ni dókítà máa ń fẹ́ràn jù. Síkì àti irú eré bẹ́ẹ̀, ó di ẹ̀yìn oṣù mélòó kan. Sísáré lórí ilẹ̀ líle àti eré ìfarakanra, ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ sí i.

Àwọn kan sì wà tó lọ jìnnà. Bo Jackson, ará Amẹ́ríkà, pààrọ̀ ìbàdí ní 1992. Ní 1993 ó padà sí eré bọ́ọ̀lù àfigigbá, ìgbà àkọ́kọ́ tó ju igi ló gbá bọ́ọ̀lù kọjá ọgbà. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, wọ́n fi irin dé orí egungun itan Andy Murray, agbá-tẹ́níìsì ọmọ Scotland, wọn ò gé e kúrò. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ó gba ife ẹ̀yẹ ní Antwerp. Ó ṣì ń gbá a títí di 2024. Àmọ́ ẹ rántí pé eléré ìdárayá tí dókítà àti olùkọ́ ń tẹ̀ lé kiri nìwọ̀nyí.

Ohun àtọwọ́dá náà sì máa ń gbó. Ìwádìí kan tó jáde ní 2019 fi hàn pé bí 58 nínú 100 ló ń lò tó ọdún 25. Ẹni tó bá ṣe é ní 40 ọdún lè tún padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

TIWA NÍLÉ ŃKỌ́?

Kò sí yìnyín ní Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi Màmá léèrè ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi dókítà, wọn ò dárúkọ síkì. "Ìkúnlẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ pé 80 nílé. Ṣé màá nàró kí wọn ni?" Wọ́n kọ́ wọn: kí wọ́n di àga mú, kí orúnkún ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún kọ́kọ́ kanlẹ̀. Wọ́n lọ sílé, wọ́n sì kúnlẹ̀.

Iṣẹ́ abẹ yìí ń bẹ nílé wa pẹ̀lú. Ilé ìwòsàn egungun Igbóbì ní Èkó ti wà láti 1945. Kì í ṣe àgbàlagbà nìkan ló ń wá a. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde máa ń pa orí egungun itan àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì pé 30. Owó rẹ̀ pọ̀, àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ sì fi ń san án.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí dókítà bá sọ̀rọ̀ ìbàdí fún, ẹ má kàn béèrè iye tó jẹ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ padà ṣe fún un: ṣálángá tí ẹ ń lóṣòó sí, ọ̀kadà tí ẹ ń gùn, oko, bọ́ọ̀lù, ìkúnlẹ̀, ìdọ̀bálẹ̀. Ẹ béèrè èyí tí ẹ lè ṣe, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ àti ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe eré ìmárale tí wọ́n bá kọ́ yín, kódà nígbà tí ìrora bá ti lọ. Ẹni tí wọ́n bá ti ṣe é fún nínú yín, ẹ kọ̀wé sí wa, kí àwọn tó ń bẹ̀rù lè gbọ́ ọ lẹ́nu yín.