Ehoro Aláṣọ Funfun: Ọjọ́ Kan Nínú Igbó Maine

Ní àríwá ìpínlẹ̀ Maine, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, igbó pọ̀ ju ilé lọ. Bí arìnrìn-àjò bá ti fi etí òkun sílẹ̀, tí ó dojú kọ adágún Moosehead, igi tí ewé wọn rí ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́ ni yóò máa wò lọ́tùn-ún lósì. Nínú oṣù Kejì, òjò dídì a bo ohun gbogbo, adágún náà fúnra rẹ̀ a sì dì, a le koko bí òkúta. Àkókò yìí ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ fẹ́ràn láti wá ehoro.

Ehoro yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń sìn nínú àgò lẹ́yìnkùlé. Kì í gbẹ́ ihò, ojú ọmọ rẹ̀ sì ti là láti ọjọ́ tí a bí i. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ̀, ó nírun nísàlẹ̀, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí ó rì sínú òjò dídì. Nígbà ooru, àwọ̀ ilẹ̀ ni ara rẹ̀ ń ní. Nígbà òtútù, a funfun báláú, àfi ṣóńṣó etí rẹ̀ tó ṣẹ́kù dúdú. Kì í ṣe òtútù ló ń pa á láwọ̀ dà o. Bí ojúmọ́ ṣe ń kúrú sí i ni ara rẹ̀ fi ń mọ̀ pé àkókò tó láti pààrọ̀ aṣọ.

Bàbá tí wọ́n mú èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ jẹ́ agégẹdú tó ti fẹ̀yìn tì. Ajá mẹ́ta ni wọ́n kó sẹ́yìn ọkọ̀, beagle ni gbogbo wọn: ajá kúkúrú tí gíga rẹ̀ kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 38 lọ, etí rẹ̀ fẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, imú rẹ̀ sì jẹ́ ojú fún un. Ẹ̀gbọ́n mi wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Àbúrò, ṣé àwọn wọ̀nyí ni yóò lé ehoro bá?"

Kò sí ẹni tó rán wọn láti lé e bá. Ehoro kì í fẹ́ kúrò ní agbègbè tó mọ̀. Bí ajá bá jí i dìde, a sáré lọ, ṣùgbọ́n a yí po, a sì padà sí ìtòsí ibi tó ti kọ́kọ́ dìde. Iṣẹ́ ajá ni kí ó máa tọ òórùn ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó máa gbó, kí ehoro má baà ríbi lúgọ sí. Iṣẹ́ ọdẹ ni kí ó dúró.

A dúró nínú òjò dídì tó kan orúnkún. Ó pẹ́ kí a tó gbọ́ ìró kankan. Lẹ́yìn náà ni ajá kan ké lọ́ọ̀ọ́kán, ohùn rẹ̀ gùn, àwọn méjì yòókù sì gbè é, bí elégbè ti ń gbe oníjàálá. Bàbá ń fi ohùn dá ajá kọ̀ọ̀kan mọ̀. Bí igbe bá dọ̀kan, òórùn gbóná; bí ó bá ń já, ajá ti sọ ipa ẹsẹ̀ nù. Igbe náà jìnnà, ó yí, ó ń bọ̀. Ohun tí mo rí ni ojú dúdú kan àti ṣóńṣó etí méjì tí ń fò láàrin igi. Ìbọn dún.

Òfin Maine gbà kí ọdẹ pa ehoro mẹ́rin lójúmọ́, láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá títí di ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Bàbá pa méjì, wọ́n ní ó tó. Ẹranko kan wà nínú igbó yìí tó jọ ológbò ńlá, lynx ni wọ́n ń pè é; ehoro ni olórí oúnjẹ rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà sì ti fi òfin dáàbò bò ó láti ọdún 2000. Bàbá ní kí a fi ìpín rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ sọ fún wọn pé nílé wa, ajá ni Ògún ń jẹ. Mo tètè tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀.

Ohun tó ń ká bàbá lára ni òjò dídì tó ń pẹ́ dé. Ojúmọ́ kò dúró de òjò dídì: ehoro a funfun nígbà tí ilẹ̀ ṣì pupa, a jókòó jẹ́ẹ́, a rò pé òun ti fara pamọ́, gbogbo ojú tó wà nínú igbó sì ń rí i. Àwọn onímọ̀ tó tọpa ehoro ní ìpínlẹ̀ Montana rí i pé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ń kú ju àwọn tí àwọ̀ wọn bá ilẹ̀ mu lọ. Nítorí náà, bàbá kì í tú ajá sílẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ yóò fi funfun, bí òfin tilẹ̀ gbà á láyè. Wọ́n ní ẹni tó bá pa ehoro tó funfun lórí ilẹ̀ pupa kò ṣọdẹ. Èmi náà gbà pẹ̀lú wọn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ajá méjì padà. Ẹ̀kẹta, èyí tó kéré jù, ṣì ń ké lọ́nà jíjìn, títí a kò fi gbọ́ ọ mọ́. Bàbá pè é títí, kò dáhùn. Òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ni létí. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sí ibi tí wọ́n ti tú àwọn ajá sílẹ̀ láàárọ̀, wọ́n sì ní kí a lọ jẹun. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò jẹun dáadáa. Nígbà tí a padà dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́ pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì, ó ti ká jọ sórí ẹ̀wù náà, ó ń sùn.